Ibi Tí Òjò Ti Ń Wá

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Mo pariwo lé oníṣẹ́ òrùlé yín lórí lánàá lójú gbogbo àdúgbò, títí ọkùnrin náà fi sọ òòlù sílẹ̀ tó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ẹ ní mo dójú tì yín. Ẹ ní kí ni arúgbó tí kò lè gun àkàbà mọ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ páànù. Ó dáa. Ẹ ti sọ tiyín, ó kù kí n sọ tèmi. Ẹ ti àwọn fóònù yẹn bọ àpò ná, nítorí ọ̀rọ̀ mi kò ní yára.

Mi ò sọ pé oníṣẹ́ yín kò mọṣẹ́. Ó fi téèpù wọn ilé, ó ya àwòrán òrùlé, ó ka iye páànù tí a máa lò láìgun òkè rárá. Ó bi yín pé pupa lẹ fẹ́ ni àbí búlúù. Ó bi yín pé ẹ fẹ́ kí etí òrùlé gùn tó báyìí àbí ó tó báyìí. Gbogbo ohun tó yẹ kó béèrè ló béèrè tán, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló bí mi nínú, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà èwe mi, kò sí ẹni tó ń gba oníṣẹ́ láti bo ilé. Ewé gbòdògì la fi ń bo ilé, ewé ńlá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń pọ́n obì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, onílé á bẹ ọ̀wẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé, ọkùnrin bí ogójì á kóra jọ láti ìdájí. Àwọn kan á gé ewé wá láti etí odò, àwọn kan á máa la ọparun, àwọn kan á máa fa ìtàkùn nínú igbó. Àwọn obìnrin á máa ru ewé bọ̀, orin á sì wà lẹ́nu wọn, orin tó jẹ́ pé àwa tí a wà lókè ni wọ́n fi ń bú. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ lágbájá gbẹ bí igi ìdáná. Wọ́n á ní kí tàmẹ̀dò rọra o, nítorí ẹni tó ń wò ó nísàlẹ̀ pọ̀. A ó máa to ewé sára ọparun, a ó máa dì í, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ìpẹ́ ẹja, kí oòrùn tó wọ̀ ilé ti dé fìlà tuntun. Iyán àti ẹmu ni owó iṣẹ́. Tó bá kan ìwọ náà, ẹni tí o bá bo ilé lónìí á wá bá ọ bo tìrẹ.

Òjò lórí ewé kì í pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sábẹ́ páànù kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣe ẹ mọ bí òjò ṣe máa ń dé nínú ilé yìí, tí a ó máa pe ara wa tí a ò ní gbọ́? Lábẹ́ ewé, ìyá mi lè máa pàlọ́ fún wa, kí òjò máa rọ̀, kí a má pàdánù ọ̀rọ̀ kan. Mi ò ní tàn yín o. Eku wà nínú òrùlé náà. Ejò tó ń wá eku náà wà níbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí ọmọ ejò kan já bọ́ sáàárín àwa tí a ń jẹun, tí bàbá mi fi ọwọ́ ọ̀tún pa á tó sì fi ọwọ́ òsì gbé ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Iná náà sì ń jó o. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, nílé ewé, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òwe lásán.

Ọ̀nà tí à ń gbà bo ilé tó ti parẹ́ ló ń dùn mí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, àgbà inú wa á lọ bá ìyá ilé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, “Ìyá, níbo ni òjò ti ń wá bá yín?” Ìyá ilé là ń bi, a kì í bi baba. Baba ń lọ sóko. Ìyá ló ń gbé ìkòkò kiri inú yàrá nígbà tí ilé bá ń jò. Ibi tí ó bá nawọ́ sí, ibẹ̀ la ó parí iṣẹ́ sí, òdìkejì rẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a bá tò kẹ́yìn ló máa gorí èyí tó ṣáájú, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ẹnu tó máa tọwọ́ bọ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ní ìlú tó tẹ́jú, ìbéèrè yìí kò ṣe pàtàkì. Àwa, òkúta ló yí wa ká. Afẹ́fẹ́ á ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, á kọlu òkúta, á ṣẹ́rí padà pẹ̀lú ìbínú. Ilé méjì lè fara kanra ní Ìdànrè, kí òjò máa ti iwájú na ọ̀kan, kó máa ti ẹ̀yìn na èkejì. Bàbá mi wà nínú àwọn tó ru ilẹ̀kùn ilé wọn lórí sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè nígbà tí ìlú ṣí wá sísàlẹ̀, ó máa ń sọ pé àlejò lè gbé ìlú yìí fún ogún ọdún kó má tíì mọ ibi tí òjò rẹ̀ ti ń wá.

Ìgbà tí owó kòkó wá dára ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú. Ọdọọdún la máa ń gun òkè nígbà ọdún Orósùn, òrìṣà òkè wa, tí a bá sì dúró lórí àpáta tí a wolẹ̀, ewé nìkan la máa ń rí, gbogbo ìlú á rí bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Ní ọdún kan, a rí ohun kan tó ń dán yanran nísàlẹ̀, a ní ta ló da omi sílẹ̀ níbẹ̀. Páànù ni. Ní ọdún kejì, a rí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà a ò kà wọ́n mọ́. Inú wa dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé a sunkún ewé. Ta ni kò fẹ́ ilé tí ejò kì í já bọ́ nínú rẹ̀?

Èmi ló yẹ kó sunkún, nítorí àkókò yẹn gan-an ni mo ń fẹ́ ìyá yín àgbà. Wúràọlá ni orúkọ rẹ̀, Aládé ni ilé bàbá rẹ̀ wà, àwa ń gbé Odòde níbí. Wọ́n ti tọrọ rẹ̀ fún mi, wọ́n ti gba ìdáná. Ẹyọ nǹkan kan ló kù, iṣẹ́ àna. Ní ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fún ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ àna rẹ̀, bíbo ilé ló sì wọ́pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni baba ìyàwó ti máa mọ̀ bóyá o lẹ́gbẹ́, bóyá o ń ṣọ̀lẹ, bóyá o máa ń gbaná jẹ tí wọ́n bá bú ọ lórí òrùlé. Bí a kò bá tíì ṣe é, ìyàwó kò lè kúrò nílé. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà ṣe tiwọn. Èmi ló kàn.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo lọ bá àna mi pé kí wọ́n dá ọjọ́ fún mi. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, olóko kòkó ńlá, kì í gbóhùn sókè. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọma mi, mi ò ní fi ewé bo ulé mi mọ́. Páànù ni mo fẹ́. Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Baba, iṣẹ́ àna mi ńkọ́?”

Ó ní, “Ká máa wò ó. Bí uṣẹ́ mìíràn bá yọjú, a ó ránṣẹ́ sí ọ.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọ̀rọ̀ rere nìyẹn. Tí àgbàlagbà Ìdànrè bá ti sọ fún ọ pé ká máa wò ó, máa lọ sílé rẹ. Iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ yọjú? Àwọn alágbàṣe tó wá láti ọ̀nà jíjìn ló ń ro oko kòkó rẹ̀. Ìgbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n lọ wá àna tó tálákà.

Káfíńtà náà dé láti Abẹ́òkúta. Àlàbí ni wọ́n ń pè é. Ó gun kẹ̀kẹ́ wọ̀lú, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi pẹ́ńsùlù sí etí. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi, nítorí ó lẹ́nu dídùn, ó sì bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìyá Wúràọlá ń pè é ní ọkọ mi. Lóòótọ́, gbogbo ìyá ló ń pe ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù, mo gbé iṣu mẹ́ta lọ kí àna mi. Mo dúró lábẹ́ igi ọsàn tó wà níwájú ilé. Àlàbí wà lókè, ó ti kan páànù mẹ́ta. Mo wo òrùlé. Mo wo òkúta tó dúró lẹ́bàá ilé náà. Mo tún wo òrùlé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti apá òkúta.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Apá òkúta ni òjò ti máa ń wá bá ilé yẹn. Mo mọ̀, mo ti jókòó lọ́ọ̀dẹ̀ wọn nígbà òjò láìmọye ìgbà, mo ti bá wọn gbé àga kúrò ní apá yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, páànù kejì gorí èkíní, ẹ̀kẹta gorí èkejì, gbogbo wọn la ẹnu sí òkúta, wọ́n ń dúró de afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Òun náà kò béèrè. Ìyá Wúràọlá alára kò rò ó, ó ní irin ni páànù, kí ni òjò fẹ́ fi irin ṣe?

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn gan-an ni Ìyá gbé omi jáde, wọ́n ní, “Àlàbí ọkọ mi, sọ̀ kalẹ̀ wá mumi.” Wúràọlá ló di àkàbà mú fún un. Àlàbí rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀rẹ́, o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?” Ẹ̀rín tó dáa ni, kò fi mí ṣẹ̀sín. Èmi ló gbọ́ ọ bí ẹ̀sín. Mo pa ẹnu mi dé. Mo kó iṣu kalẹ̀, mo kí ilé, mo lọ.

Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Ọ̀sán ni. Mo wà lójú ọ̀nà oko nígbà tí ojú ọ̀run ṣú lójijì lápá Aládé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, kò sẹ́ni tó ké pè mí. Ẹsẹ̀ mi mọ ohun tí ẹnu mi kò sọ. Kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, mo gbọ́ ọ, ìró kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí nílùú wa nígbà yẹn, ìró páànù tó ń ya kúrò lára ìṣó.

Wúràọlá wà lójúde, ó ń kó kòkó tí wọ́n sá. Páànù kan fò wá láti òkè, ó gé e ní apá òsì, láti èjìká dé ìgúnpá. Ìgbà tí mo dé, ó jókòó nínú òjò, ẹ̀jẹ̀ àti omi ń ṣàn papọ̀ lórí kòkó. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé o ti dé?” bí ẹni pé mo lọ sọ́jà. Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn, mo ń sunkún, òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ mọ apá náà. Apá tí kò lè nà mọ́, tí ìyá yín àgbà fi gbé gbogbo yín. Wọ́n ti sọ fún yín pé páànù ló gé e. Wọn kò sọ ìyókù fún yín, nítorí èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún, àna mi fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sí Odòde. Kò jókòó. Ó ní, “Ọma mi, òjò ń pa wá. Kó ẹgbẹ́ rẹ wá.” Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló wá, kódà àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wẹ̀ náà dùn, mi ò lè parọ́. Akínbọ̀dé ọ̀rẹ́ mi ń fi ijó ṣẹ̀fẹ̀ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ já ewé, ó já bọ́ sínú yàrá, ó sì balẹ̀ sórí ibùsùn àna mi gan-an. Àwọn obìnrin fi í kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú. Àlàbí náà wá. Kò sá lọ. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àgbà wa bẹ̀rẹ̀ láti bi Ìyá léèrè ibi tí òjò ti ń wá, tí Ìyá nawọ́ sí òkúta, Àlàbí fọwọ́ lérí. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ ń ṣe é níbí? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, kò sẹ́nì kankan tó sọ fún mi.”

Mo tẹrí ba, mo ń to ewé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló ti kọjá, mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn.

Bí mo ṣe fẹ́ ìyá yín àgbà nìyẹn. Ilé ewé yẹn ni a bò kẹ́yìn ní òpópónà wọn. Ọdún kejì, àna mi tún ra páànù, Àlàbí náà ló kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀nà, òdìkejì òkúta, páànù náà sì pẹ́ ju àna mi lọ láyé. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ àna ti parẹ́. Àwọn tó gbéyàwó lẹ́yìn wa kò bo ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń ra nǹkan kalẹ̀ ni. Ẹ ò ní mọ ẹgbẹ́ ọkọ ọmọ yín mọ́, ẹ ò ní mọ bó ṣe ń ṣe tí wọ́n bá bú u lórí òrùlé.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú fún gbogbo ìgbé-ayé wa. Tí mo bá rí i tó ń fi ọwọ́ kan gún iyán, màá gba odó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni.

Ní ọdún tí ìyá yín àgbà kú, ó ti wà lórí ibùsùn, ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò dé. Páànù yìí ń pariwo lórí wa. Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní, “Ìyá Adé, mo rí i. Lọ́jọ́ tí Àlàbí ń kan páànù, mo rí i pé yóò ṣí, mo sì dákẹ́.”

Ó yí ojú sí mi. Ó ní, “Mo mọ̀. Èmi ni mo di àkàbà mú. Mo rí ọ lábẹ́ igi ọsàn. O wo òrùlé, o wo òkúta, o mi orí.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o ò bi mí?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Bàbá Adé, tí ilé bàbá mi ò bá jò, iṣẹ́ àna wo lo fẹ́ rí ṣe? Èmi náà fẹ́ kó jò.” Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá òsì lé àyà. “Jíjò ni mo rò pé ó máa jò. Mi ò mọ̀ pé ó máa fò.”

Àwa méjèèjì la dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan páànù, àwa méjèèjì la sì dákẹ́ lórí rẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn. A rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án yẹn títí omi fi jáde lójú wa.

Nítorí náà, tí mo bá rí oníṣẹ́ tó ń kan páànù àkọ́kọ́ láti apá ibi tí òjò ti ń wá, mi ò ní dákẹ́ mọ́ láyé mi. Ẹ bá mi pe ọkùnrin náà. Ẹ sọ fún un pé bàbá ní kó má bínú, ariwo náà pọ̀ jù, mo máa tọrọ àforíjì. Tó bá sì dé, kó tó gun àkàbà, kó wá bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, kó bi mí níbo ni òjò ti ń wá bá ilé yìí. Ìyá ilé ló yẹ kó bi. Ìyá ilé kò sí mọ́, èmi ni mo ń gbé ìkòkò kiri báyìí.